Bí òwe bí òwe ni William Byrd ṣe kọ orin rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tẹ́nọ̀ ni mí nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà kan. A ń kọ́ 'Ave verum corpus' ti William Byrd lọ́wọ́ fún Ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọ̀gá akọrin wa sọ fún wa pé Àgùdà paraku ni Byrd, bẹ́ẹ̀ ààfin ọbabìnrin tó ń fìyà jẹ àwọn Àgùdà ló ti ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ń dà mí láàmú. Ṣé alábòsí ni ọkùnrin yìí ni? Èkejì, kí ló dé tí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà fi máa ń dún bí ẹni pé báàsì ṣi ohùn gbé? Ẹ̀kẹta, ṣé a ò lè túmọ̀ rẹ̀ ká fi Yorùbá kọ ọ́?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì ṣáájú, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn ti èkíní wà.

Ẹ ṣí ìwé orin yín sí ìlà kìíní. Bó bá jẹ́ sol-fa lẹ̀ ń kà, ẹ ó rí i pé lah ni tírẹ́bù fi bẹ̀rẹ̀, tó sì rọra sọ̀ sí se níbi "Ave". Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tí báàsì fi gbé soh níbi "verum". Fún ẹni tó ń ka nóòtì, bó bá jẹ́ G ni wọ́n kọ ọ́ sí, F-ṣáàpù (F tí a gbé sókè díẹ̀) ni tírẹ́bù, ohùn òkè, kọ, F lásán sì ni báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, fi tẹ̀ lé e. Orúkọ kan náà ni ohùn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé inú ilé kan. Ohun tí tírẹ́bù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lélẹ̀, báàsì dé, ó já a. Etí tó ti gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ á ní ẹnì kan ti ṣìnà. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo darí nígbà kan, àgbà báàsì kan fi pẹ́ńsùlù kọ àmì ṣáàpù sí iwájú ohùn yẹn nínú ìwé tirẹ̀, torí ó dá baba lójú pé atẹ̀wé ló ṣe àṣìṣe. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa á rẹ́. A tún un kọ, a kọ ọ́ bó ṣe wà, gbogbo yàrá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ.

Àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà fẹ́ràn kí ohùn méjì kọlu ara wọn báyìí. Thomas Tallis tó kọ́ Byrd níṣẹ́ ń lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí ọ̀rọ̀ tí Byrd gbé e kà. "Verum" ni "tòótọ́". "Mo kí ọ, ara tòótọ́, tí a bí láti inú Màríà Wúndíá." Nígbà tí Byrd tẹ orin yìí jáde ní 1605, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ìjà dá lé lórí. Àwọn Àgùdà ní búrẹ́dì orí pẹpẹ a máa di ara Kristi ní tòótọ́, kì í ṣe àfiwé. Ìjọ tí ìjọba fọwọ́ sí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Áńgílíkà mọ Àwọn Ìlànà Ìgbàgbọ́ 39 tó wà lẹ́yìn ìwé àdúrà. Òfin ti fìdí wọn múlẹ̀ láti 1571, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò pé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò bá Ìwé Mímọ́ mu. Byrd kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kò kọ ìwé, kò sì wàásù. Ohùn kan tí etí kò retí ló fi sábẹ́ "tòótọ́", kí ẹni tó ń kọ ọ́ má baà lè sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn àgbà wa ní bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. N kò mọ gbólóhùn tó ṣàlàyé Byrd dáadáa ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹni tí ó jẹ́. Nǹkan bí 1540 ni wọ́n bí i, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún, ìsìn ilẹ̀ rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọba Henry ti kúrò lábẹ́ Póòpù kí wọ́n tó bí i, ṣùgbọ́n Látìn ni wọ́n ṣì fi ń ṣe Mísà. Edward ọmọ rẹ̀ gorí oyè ní 1547, ó gbé ìwé àdúrà èdè Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n sì ń wó pẹpẹ. Mary jọba ní 1553, ó dá gbogbo rẹ̀ padà fún Róòmù. Elizabeth jọba ní 1558, ó tún yí i kúrò. Tallis la gbogbo rẹ̀ kọjá, ó ṣiṣẹ́ fún ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń kọ orin tí àsìkò kọ̀ọ̀kan bá béèrè. Abẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni Byrd ti kọ́ṣẹ́.

Ní 1563 ó di atẹdùùrù ní Kàtídírà Lincoln. Ibẹ̀ ló ti gbé Juliana níyàwó ní 1568. Ọdún kejì, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dá owó oṣù rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n pàṣẹ pé kí ó máa fi dùùrù gbé ohùn lé akọrin lọ́wọ́ nìkan, kí ó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ kí ìsìn rí pẹlẹbẹ kò nífẹ̀ẹ́ sí àrà ọwọ́ rẹ̀.

Ikú ẹlòmíràn ló ṣí ọ̀nà ààfin fún un. Robert Parsons, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ilé ìsìn ọbabìnrin, kú sómi ní odò Trent nítòsí Newark ní ìbẹ̀rẹ̀ 1572, Byrd ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣe di ẹlẹgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Elizabeth fúnra rẹ̀ mọ dùùrù tẹ̀, ó sì fẹ́ràn orin dé góńgó. Bí àwọn oníwàásù ṣe ń pariwo pé kí wọ́n palẹ̀ orin olóhùn púpọ̀ mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ti ilé ìsìn òun. Ní 1575 ó fún Tallis àti Byrd ní ìwé àṣẹ ọdún 21 pé àwọn méjèèjì nìkan ló lè tẹ ìwé orin ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan bébà tí wọ́n ti fa ìlà orin sí. Ọdún náà gan-an ni wọ́n fi ìwé orin Látìn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin 34 ló wà nínú rẹ̀, 17 láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọdún kẹtàdínlógún rẹ̀ lórí oyè ni. Ìwé náà kò tà. Lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n kọ̀wé sí ọbabìnrin pé àwọn ti jẹ gbèsè.

Ọdún 1577 yẹn kan náà ni orúkọ Juliana kọ́kọ́ jáde nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba. Àwọn Byrd ń gbé ní Harlington nígbà náà, lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìtanràn sì wà fún un. Ní 1581 òfin tuntun sọ ìtanràn náà di ogún pọ́n-ùn fún oṣù kan, owó tó lè fọ́ ilé olówó. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ohun téèyàn lè fi ṣeré. Kò pẹ́ tí orúkọ ọkọ náà fi tẹ̀ lé ti ìyàwó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1581 ni wọ́n pa Edmund Campion ní Tyburn, ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀daràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà Jésúítì ni, ìyẹn ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn Àgùdà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Elizabeth fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí ní Oxford. Wọ́n so ó rọ̀, wọ́n sì gé ara rẹ̀ sí mẹ́rin. Ẹnì kan kọ ewì arò lórí ikú rẹ̀. Wọ́n gé etí ọkùnrin tó tẹ ewì náà jáde. Byrd mú ewì yẹn kan náà, ó fi orin sí i, ó sì tẹ ẹ́ sínú ìwé orin rẹ̀ ní 1588, ní ojú gbogbo ayé. Ìbẹ̀rẹ̀ ewì náà nìkan ni kò yí padà, ó fi ọ̀rọ̀ tí kò lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ rọ́pò ìyókù. Ẹni tó bá mọ ewì náà, tó bá ti gbọ́ ìlà kìíní, ó ti mọ ẹni tí wọ́n ń sunkún.

Ní nǹkan bí 1583 ni Philippe de Monte, olórí àwọn olórin Olú-Ọba Rudolf ní òkè-òkun, fi orin kan ránṣẹ́ sí i. Olóhùn mẹ́jọ ni, inú Sáàmù 137 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá: níbi odò Bábílónì, níbẹ̀ ni àwa gbé jókòó, àwa sì sunkún. De Monte ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí nígbà ayé Mary. Ó mọ ohun tó ń dun Byrd, àbí kí ẹlòmíràn máa fi Sáàmù béèrè àlàáfíà ọ̀rẹ́ rẹ̀ lásán? Ọdún kejì ni Byrd fèsì, olóhùn mẹ́jọ náà ni, láti inú Sáàmù kan náà: "Báwo ni àwa yóò ti ṣe kọ orin Olúwa ní ilẹ̀ àjèjì?" Ẹ rántí pé ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ló wà nígbà tó ń béèrè ìbéèrè yìí. Ó sì so ohùn mẹ́ta nínú mẹ́jọ pọ̀, tí ọ̀kan ń tọ ẹsẹ̀ ìkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká lè mọ̀ pé ilẹ̀ lè di àjèjì kí ọwọ́ má gbàgbé iṣẹ́.

Ní oṣù Keje 1586, ó wà ní Hurleyford, létí odò Thames, nínú ilé kan tí àwọn Àgùdà kóra jọ sí ní ìkọ̀kọ̀ láti fi gba àwọn Jésúítì méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú, Robert Southwell àti Henry Garnet. Wọ́n kọ orin Mísà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìjọba pa Southwell ní 1595. Ó pa Garnet náà ní 1606. Àwọn tí Byrd bá jókòó nìyẹn.

Ní nǹkan bí 1593, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Stondon Massey ní Essex, kò jìnnà sí Ingatestone níbi tí ìdílé Petre ń gbé. Olówó ni wọ́n, Àgùdà sì ni wọ́n. Àwọn ihò tí wọ́n ń fi àlùfáà pamọ́ sí ṣì wà nínú ògiri ilé náà títí di òní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Byrd kọ Mísà mẹ́ta tó mú orúkọ rẹ̀ wà láàyè fún. Ọ̀kan jẹ́ fún ohùn mẹ́rin, ọ̀kan fún mẹ́ta, ọ̀kan fún márùn-ún. Láàárín 1592 àti 1595 ni wọ́n jáde. Ẹ bá mi wo ìwé náà bó ṣe rí: pẹlẹbẹ kékeré, ohùn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò ní ojú ewé àkọlé, kò ní orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kò ní ọdún. Ẹ lè ká a sínú agbádá kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ W. Byrd wà lókè ojú ewé. Atẹ̀wé fi ara pamọ́, ẹni tó ni orin kò fi ara pamọ́. Mo máa ń ronú lórí èyí gan-an.

Ìdí tí àwọn Mísà náà kò fi gùn, tí wọn kò sì béèrè èrò púpọ̀, kò le láti rí. Kàtídírà kọ́ ló kọ wọ́n sí. Ènìyàn márùn-ún yí tábìlì ká, ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹnì kan ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, àlùfáà tó lè kú bí wọ́n bá mú un wà níwájú pẹpẹ kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ fojú inú wo gbogbo orin Látìn tí Byrd kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́.

"Ave verum" wà nínú ìwé kìíní nínú ìwé méjì tó pè ní Gradualia, 1605 àti 1607, tí orin inú àwọn méjèèjì lé ní ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n tò fún ọjọ́ àjọ̀dún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún ìjọ Àgùdà. Ìwé kìíní kò tíì pẹ́ níta tí àṣírí fi tú ní oṣù Kọkànlá 1605 pé àwọn Àgùdà kan ti kó ẹ̀tù ìbọn sábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti fi pa Ọba James, tó jọba lẹ́yìn Elizabeth. Ìlú gbóná. Wọ́n mú ará Faransé kan tó ń jẹ́ Charles de Ligny, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n Newgate, torí pé wọ́n bá ìwé Byrd yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé orin o! Byrd fa ìwé náà sẹ́yìn. Nígbà tí ara ìlú rọlẹ̀, ní 1610, ó tún gbé e jáde.

Ẹ wá bi mí bóyá alábòsí ni. Ní tèmi, rárá. Alábòsí ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, kí ayé lè rí i. Byrd kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní Àgùdà ní kóòtù, wọ́n mọ̀ ọ́n ní ààfin, Elizabeth sì mọ̀. Ìgbà kan wà tí ẹjọ́ rẹ̀ fẹ́ le tí àṣẹ ti wá láti ọ̀dọ̀ ọbabìnrin pé kí wọ́n dá a dúró. Orin rẹ̀ ló wù ú, ó sì dá a lójú pé ọkùnrin yìí kò ní fa idà yọ sí òun. Òótọ́ sì ni, kò fà á. Ó kọ àdúrà olórin fún un, pé kí Olúwa fún Elizabeth ìránṣẹ́ rẹ̀ ní ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ àti ẹ̀mí gígùn, ó sì fi Ámín tó rẹwà jọjọ parí rẹ̀. Ó kọ odindi orin ìsìn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọ tí òun kò sí nínú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Great Service. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ téèyàn lè nàka sí pé ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ó ka iṣẹ́ sí iṣẹ́, ó ka ọba sí ọba, ó sì ka Ọlọ́run sí Ẹni tó ni méjèèjì.

N kò ní sọ ọ́ di ẹni mímọ́ fún yín o. Ilẹ̀ Stondon tó ń gbé, ìjọba ló gbà á lọ́wọ́ ìdílé Shelley, Àgùdà bíi tirẹ̀, nítorí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Byrd gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí opó Shelley wá ń bá a fà á pé kí ó jáde, kò jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣẹjọ́, títí obìnrin náà fi kú ní 1610. Ọkùnrin tó lè kọ orin omijé yẹn lè di ohun ìní rẹ̀ mú gírígírí. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣe ìwé ìhágún rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1622, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àdúrà òun ni kí òun wà láàyè kí òun sì kú gẹ́gẹ́ bí ọmọ tòótọ́ nínú ìjọ Kátólíìkì mímọ́, èyí tí òun gbà pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1623. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìsìn ọba, ti ìjọ tí òun kò sí nínú rẹ̀, wọ́n pè é ní baba orin.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìtàn ayé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọwọ́ rẹ̀ lórí orin, torí èyí ló máa ràn yín lọ́wọ́ níbi ìfidánrawò.

Nínú orin tiwa, a mọ lílé, a mọ ègbè. Ẹnì kan á lé, àwùjọ á gbè. Orin Byrd kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohùn ló ń lé, kò sí elégbè. Ohùn kan á gbé gbólóhùn kan kalẹ̀, kò ní tíì parí rẹ̀ tí èkejì fi máa gbé e láti ibòmíràn, ẹ̀kẹta á tún dé. Ẹ ti mọ irú rẹ̀ láìmọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Orin alẹ́ yẹn, "Ògo f'Ọlọ́run l'álẹ́ yìí", bí ẹ bá ń fi ohùn Tallis kọ ọ́, ẹ̀yin tẹ́nọ̀, ẹ wo ìlà yín dáadáa. Ohun tí tírẹ́bù kọ gan-an lẹ̀ ń kọ, ẹ kàn fi díẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni. Ọwọ́ ọ̀gá Byrd nìyẹn. Ọmọ wá mú un, ó sọ ọ́ di ohun tó lè sunkún.

Nítorí ohun tí Byrd mọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, lójú tèmi, ni ìgbà tó yẹ kí gbogbo ohùn pa dà di ọ̀kan. Ẹ wá "Ne irascaris" gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohùn márùn-ún ni, inú Aísáyà orí 64 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Apá kejì ń sọ pé ìlú mímọ́ rẹ ti di ahoro. Àwọn ohùn ń lé ara wọn lọ, wọ́n ń lé ara wọn bọ̀, lójijì gbogbo wọn dúró. Wọ́n jùmọ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nílé ọ̀fọ̀: "Síónì di aginjù." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pe orúkọ Jerúsálẹ́mù, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, tí wọn kò fẹ́ dákẹ́. Àgùdà tó bá gbọ́ ọ ní ilé tó tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe Síónì àwọn Júù nìkan ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀, inú Bíbélì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti wá. Ta ló máa mú un fún ìyẹn?

Ó kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n yìí lára Alfonso Ferrabosco, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní ààfin Elizabeth. Ó tún kọ orin dùùrù tó pọ̀, 42 nínú rẹ̀ wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí wọ́n parí ní 1591 fún ìyáàfin kan tí wọ́n ń pè ní Lady Nevell. Thomas Morley àti Thomas Tomkins jáde láti abẹ́ rẹ̀. Ìyẹn lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ síwájú ìwé 1605 náà. Ó ní agbára kan fara sin sínú ọ̀rọ̀ mímọ́, pé bí èèyàn bá ń rò ó tọkàntọkàn, ohùn tó yẹ ọ̀rọ̀ náà á máa wá fúnra rẹ̀, lọ́nà tí òun kò lè ṣàlàyé. Kò wá ohùn kí ó tó wá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń bí ohùn.

Ẹ fi èyí wo apá kejì orin yín. Níbi "O dulcis, O pie", tírẹ́bù á pe Jésù, àwọn ohùn mẹ́ta ìsàlẹ̀ á dáhùn, bí ìgbà tí ẹnì kan dá ń kúnlẹ̀ tí àwọn ará ilé sì kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó wá kan "miserere mei", kálukú á wọlé lákòókò tirẹ̀. "Ṣàánú mi" ni, kì í ṣe "ṣàánú wa". Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú "Ave verum" ti Mozart tí ọ̀pọ̀ akọrin mọ̀. Ó wà nínú ti Byrd, Byrd sì ní kí a kọ gbogbo apá náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fo èkejì náà tìtorí àkókò. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá ku ti Yorùbá. Mo mọ ìfẹ́ tó mú un wá, ìfẹ́ náà sì ń bẹ nínú tèmi. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ tó gbé orin náà: "corpus", ara. Ohùn àárín méjì ni "ara". Bí orin bá gbé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ti di "àrá", èyí tí ń sán lójú ọ̀run. Nínú orin olóhùn kan, èèyàn lè tọ́jú ìyẹn, kó jẹ́ kí orin tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Thomas Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù Kàtídírà Marina ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1953. Nínú orin Byrd, ohùn mẹ́rin ló wà, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n sì ń gbà lọ. Bí tírẹ́bù bá pe ọ̀rọ̀ náà re, báàsì á ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá sì yí ohùn padà kí Yorùbá lè dá ṣáká, ẹ ti gbé F báàsì yẹn sọnù, ohun tí Byrd fẹ́ sọ ti bá a lọ. Ẹ fi Látìn kọ ọ́, ẹ tẹ ìtumọ̀ Yorùbá sínú ìwé ètò ìsìn, kí ìjọ máa kà á bí ẹ ṣe ń kọrin.

Ní ìfidánrawò tó ń bọ̀, kí ọ̀gá akọrin yín jẹ́ kí tírẹ́bù kọ "Ave" nìkan, kí wọ́n dúró lórí se. Kí wọ́n dákẹ́. Kí báàsì wá gbé soh tiwọn, jẹ́jẹ́, láìsí ẹlòmíràn. Ẹ ṣe é títí kò fi ní sí ẹnikẹ́ni nínú báàsì tó ń rò pé òun ṣìnà, kí ẹ tó pa gbogbo ohùn pọ̀. Ẹ má sì pariwo rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ ọ́ fún, ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́nà.